Iná Tí Ẹni Iwájú Nìkan Lè Rí

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ìyá àwọn ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi abọ́ yẹn sílẹ̀ kí o wá jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ohùn mi ò lè lọ jìnnà mọ́. Bàbá Búrẹ́dì, má dìde. Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí o sì rọra bọ́ síta, ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà jù wá lọ. Dókítà bá yín sọ̀rọ̀ níta lánàá, ẹ rò pé mo ti sùn. Mo gbọ́. Kíndìnrín mi ti ṣíwọ́ iṣẹ́, èmi náà ò sì ní pẹ́ ṣíwọ́. Kó tó di ìgbà náà, òótọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi, torí bí mo bá gbé e lọ, kò sí ẹlòmíì láyé tó lè sọ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ, kò sì sí òtítọ́ kankan tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo rán an níṣẹ́ ni mo ní láti pè é padà.

Ẹ má retí ẹkún lójú mi. Mo ti wá ẹkún náà títí, mi ò rí i. Inú mi kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni, ṣùgbọ́n bí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò ní mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn, kì í ṣe pé mi ò ka ohun tí mo ṣe sí. Bí mo ṣe wà nìyẹn látọjọ́ náà. Ìyá yín mọ̀. Ó máa ń ní mò ń wo òun bí ẹni tó ń wo ògiri, nígbà tó yá kò bi mí léèrè mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí ni ìbéèrè tí àbíkẹ́yìn mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀ka ojú pópó tí èmi náà ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí, ó ní, "Dádì, wọ́n ti fún mi láyè láti ní iná ìkìlọ̀ nínú mọ́tò ara mi. Irú èwo ni kí n rà?" Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú, ó ń fi oríṣiríṣi hàn mí, èyí tó rí roboto, èyí tó gùn. Bàbá Búrẹ́dì wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń gé búrẹ́dì tó gbé wá fún mi sí wẹ́wẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ra èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa o, kí ojú awakọ̀ má baà tún máa rí iná tí kò sí bíi tèmi." Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, kì í ṣe oògùn ló fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí ọlọ́pàá ojú pópó ti ṣíwọ́, tó wà nílé rẹ̀, wọ́n lè pè é láti àgọ́ pé kó máa bọ̀, mọ́tò ara rẹ̀ ló sì máa gbé lọ. Kí àwọn èèyàn lè yà fún un, wọ́n gbà á láyè kó ní iná kékeré kan tó ṣeé gbé kiri, tó ń ṣẹ́jú pupa àti búlúù. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí wọn ò bá pè ọ́, iná rẹ gbọ́dọ̀ wà nínú àpò. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ní òfin yẹn. Màá sọ fún wọn pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́, Kò-kánjú la máa ń pè é. Àwàdà ni, torí ìkánjú rẹ̀ pọ̀ débi pé ìdúró ló ti ń jẹun. Ó ní iná tirẹ̀ ṣáájú mi, èyí tí wọ́n ń gbé lé òrùlé mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa rí i lójú pópó tí iná ń kọ mànà lórí mọ́tò rẹ̀, ọ̀gá rò pé ilé kan ló ti wó, ó tẹ̀ lé e. Ilé onígbàjámọ̀ ni Kò-kánjú ń lọ. Wọ́n gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mú un dúró níwájú gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí. Nígbà tó kàn mí láti ra tèmi, òun ló bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin kan ló ń tajà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún wáyà àti rọ́bà, tí èèyàn bá yí ara padà, nǹkan á já bọ́. Ó gbé méjì lé orí káńtà. Èkínní rí bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ní òòfà nísàlẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà rírọ̀ bo òòfà náà kó má baà ha ọ̀dà mọ́tò. Ó ní bí mo bá gbé e lé òrùlé, eré yòówù kí n sá, kò ní ṣí. Iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á ti máa rí i. Èkejì pẹlẹbẹ, inú mọ́tò ló ń gbé. Ó ní rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, wọ́n sì fi nǹkan dúdú bo ẹ̀yìn rẹ̀ kí iná má baà ta sí awakọ̀ fúnra rẹ̀ lójú. Iwájú nìkan ló ń tàn sí. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ fi ṣe, mo sọ fún un. Ó ní ti òrùlé ló yẹ mí nígbà náà, pé èyí pẹlẹbẹ, ẹni tó bá wà níwájú mi nìkan ló máa mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró létí títì kò ní mọ nǹkan kan.

Mo ṣì ń yí i wò lọ́wọ́, ó wá bi mí, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí yín ni àbí ẹ ò fẹ́?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi nígbà tó bá wù mí."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Kò-kánjú fi ìgúnpá gún mi, ó sọ sí mi létí pé, "Ra èyí tó ṣeé fà sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá ò lè bi ọ́ ní ohun tí kò rí." Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn sọ ni mo mọ̀ kó tó sọ ọ́, èmi tí mò ń kọ́ni. Mo mú èyí pẹlẹbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi, níbi káńtà yẹn, kó tó di ojú ọ̀nà rárá.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá pè mí nìkan ni mò ń lò ó. Nígbà tó yá, mo lò ó láti fi kọjá táńkà kan tó ń fà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, mo lò ó torí òjò, mo lò ó torí pé ebi ń pa mí. Mọ́tò iwájú á rí iná, á yà, màá kọjá, màá fà á sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Kí n má purọ́ lé e lórí, ó dùn mọ́ mi. Kò sí ohun mìíràn láyé mi tí gbogbo èèyàn ń yẹ̀ fún bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀sán ni, oòrùn mú. Mo ti ṣíwọ́. Ilé ni mò ń lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí láti àgọ́, kò sí ìkankan nínú yín tí ara rẹ̀ ò yá, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí. Ọkọ̀ búrẹ́dì funfun kan wà níwájú mi, ó ń lọ jẹ́jẹ́, wọ́n fi okùn di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà náà tóóró, ṣọ́ọ̀bù wà lọ́tùn-ún lósì. Mo kàn ṣáà rí i pé mi ò fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú iná náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, mo tẹ bọ́tìnnì.

Awakọ̀ náà rí i nínú dígí rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe. Kíákíá ló yà sápá ọ̀tún kí n lè kọjá. Obìnrin aránṣọ kan wà létí títì níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání, ó fẹ́ sọdá lọ bá ẹni tó máa bá a tún un ṣe. Ó ti wo ọ̀nà. Ohun tó rí ni ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń lọ jẹ́jẹ́ àti mọ́tò lásán kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí iná kankan lórí òrùlé, torí kò sí iná lórí òrùlé. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Irin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó dún.

Bàbá Búrẹ́dì, mo ní kí o má dìde. Ìyá àwọn ọmọ mi, fi í sílẹ̀, jẹ́ kó máa wò mí. Èmi ni. Mọ́tò mi ló wà lẹ́yìn rẹ. Jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Mo ti kọjá nígbà tí mo rí i nínú dígí pé ọkọ̀ búrẹ́dì ti gbá a. Mo já iná náà kúrò lára gíláàsì, mo sọ ọ́ sábẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ni mo yí mọ́tò padà, mo wá dé bí ẹni tó ń ti ibòmíì bọ̀. Mo fi káàdì iṣẹ́ mi hàn, mo ní ọlọ́pàá ni mí, kí wọ́n sún sẹ́yìn. Aránṣọ náà ti kú. Aṣọ oníbàárà kan tí kò tíì rán tán ni mo mú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni mo fi bò ó.  

Ní àgọ́ wa, bí iṣẹ́ ṣe rí ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi jàǹbá ló ni ìwádìí rẹ̀. Bí ẹjọ́ náà ṣe di tèmi nìyẹn. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́, wọ́n tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń bi wọ́n bóyá ẹnì kan rí iná ọlọ́pàá. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní òun ò rí i. Àwọn tó wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ní àwọn ò rí i. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni iná mi kọjú sí, òun náà ló sì wà ní àtìmọ́lé.

Mo bá a jókòó ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn àgọ́. Ìyẹ̀fun ṣì wà lára apá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, iná kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Pupa àti búlúù ni, ó ń ṣẹ́jú. Mo yà fún un." Mo bi í pé irú mọ́tò wo ni. Ó ní iná náà ò jẹ́ kí òun rí mọ́tò. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń rántí mi: obìnrin kan ti kú, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mi ò lù ú. Mi ò jágbe mọ́ ọn. Ìbá sàn kí n lù ú. Mo bu omi fún un, mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tó rí iná níbẹ̀. Mo ní oòrùn ọ̀sán ló tàn sára gíláàsì mọ́tò kan, tó sì ta sínú dígí rẹ̀. Mo ní bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, ọkàn máa ń wá ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù náà, kì í ṣe pé onítọ̀hún ń purọ́. Ó ní òun rí i. Mo ní ó rò pé òun rí i ni. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Mo ní kó má fi ọmọ búra lórí ohun tí kò dá a lójú. A wà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ohùn rẹ̀ ń lọlẹ̀, tèmi ò yí padà. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó ní, "Bóyá oòrùn ni, ọ̀gá. Tí ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ bá ní kò sí, bóyá kò sí." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní láàárín gbogbo wa, èmi nìkan ni mo bá òun sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

Kò-kánjú gbọ́ ohun tí awakọ̀ náà kọ́kọ́ sọ. Ó pè mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ń kó àwọn mọ́tò tó ti fọ́ sí. Ó bi mí pé ṣé èmi ni, mo ní èmi ni.  Ó ní ẹni tó kú ti kú, pé bí mo bá sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì la máa lọ, torí òun ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní kí n gbé nǹkan náà fún òun. Mo gbé e fún un, mi ò sì rí iná náà mọ́. Nígbà tó ń kú, mo lọ kí i; ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wò mí lójú, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Adájọ́ ní awakọ̀ náà ò ní àwáwí. Ó ní ó yà bàrá láìnídìí, ó pa èèyàn, ó sì tún kọ́kọ́ fẹ́ ti ẹ̀bi sórí iná tí kò sí. Torí irọ́ yẹn ni wọ́n ṣe fi kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn kọ́ ìrìn níbẹ̀ lójú ẹni gbogbo àfi bàbá rẹ̀, lákòókò kan náà tí tèmi ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́gẹ́ nínú pálọ̀ wa.

Ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù. Mi ò tíì sọ ọ́. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n, èmi ló wá bá. Ó fẹ́ lọ bẹ ìyá aránṣọ náà, ẹ̀rù ń bà á láti dá lọ, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sin òun, torí èmi ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Mo sìn ín lọ. Yàrá kan ni màmá náà ń gbé. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, kò ní orí mọ́, ó gbé ife omi lé e. Awakọ̀ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín. Èmi ni mo pa ọmọ yín, mo sì tún fẹ́ purọ́ lé e. Kò sí iná kankan. Ojú mi ló tàn mí."

Màmá náà gbójú sókè sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

Kò sí ọ̀gá mi níbẹ̀. Kò sí adájọ́. Ọkùnrin náà ti ṣẹ̀wọ̀n tán, mi ò lè dá ọjọ́ kan padà fún un nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè dá ojú rẹ̀ padà fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo ní, "Òótọ́ ni, màmá. Kò sí iná."

Lójú ọ̀nà, mo lè ní ìwàǹwára ni. Ní àgọ́, mo lè ní ẹ̀rù ló bà mí. Nínú yàrá yẹn, kò sí èyíkéyìí nínú wọn. Irọ́ náà kàn ti mọ́ mi lára ni. Màmá fà á dìde nílẹ̀, ó ní òun ti dárí jì í. Ó wá yíjú sí mi, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà pé kí ojú mi má rí ibi. Mo ṣe àmín. Ó ti kú báyìí, òun náà ò mọ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀.

Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó padà sí ilé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n kò wa mọ́tò mọ́, ìdí ààrò ló wà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún wa, torí ó ní olóore òun ni mí. Búrẹ́dì yẹn lẹ jẹ dàgbà. Ọmọ rẹ̀ ra mọ́tò, ó bẹ̀ ẹ́ kó tún wakọ̀, ó kọ̀. Bó bá fẹ́ sọdá títì, á di ẹnì kan lọ́wọ́ mú, á bi í pé ṣé ó rí mọ́tò tó ń bọ̀ yẹn, ṣé mọ́tò ni lóòótọ́. Nídìí ààrò, á pe ẹni tó bá wà nítòsí pé kó bá òun wo iná bóyá ó ti ràn. Ẹ̀yin ọmọ mi ló sọ ọ́ ní Ẹ-bá-mi-wò-ó. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ sọ ọ́, mi ò bá yín wí.

Àbíkẹ́yìn mi, o bi mí ní ìbéèrè. Ra èyí tí wọ́n ń gbé lé òrùlé, tí gbogbo ayé máa rí, tí ìwọ fúnra rẹ ò ní lè fi pamọ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ṣe, o ní láti lè yára fa iná sọ̀kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ, má ṣe é. Dúró lẹ́yìn ọlọ́kọ̀ búrẹ́dì, kí ẹ jọ máa lọ jẹ́jẹ́. Mo rí i pé fóònù rẹ ti ń gba ohùn mi sílẹ̀. Ó dáa. Gbé e lọ sí àgọ́ lọ́la, kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, kí wọ́n fọ orúkọ ọkùnrin yìí mọ́. Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi tèmi ṣe.

Bàbá Búrẹ́dì, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá jáde báyìí, tí o ò sì padà wá mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ sí. Nígbà tí mo purọ́ fún ọ, o gbà mí gbọ́. Jọ̀ọ́, gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iná wà níbẹ̀. Pupa àti búlúù ni, ó ń ṣẹ́jú, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ. O rí i.